Orin Ọ̀gá Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ tí Zinsu olórin ra kíbọ́ọ̀dù ní Seme ló lé Michael onílù rẹ̀ àti àwọn onígìtá dànù. Ẹ̀rọ tó ń lùlù, tó ń ta gìtá, tí kì í sì í bèèrè oúnjẹ, kí ló tún fẹ́ fi ènìyàn ṣe?

Nígbà tí wọ́n ní Kọ́nẹ́ẹ̀lì Adégbóyèga, ọ̀gá ológun tó ń ṣàkóso wọn, ń bọ̀ wá ṣí ọjà ní Kankon, Zinsu ní òun yóò ti ká orin ìkíni sílẹ̀ kí ohùn má baà já òun kulẹ̀. Kò síná, kò sépo. Ló bá yọ bátìrì rédíò ilé, ó kì í bọ inú kíbọ́ọ̀dù.

Láídé, ìyàwó rẹ̀, ní, “A ò ní gbọ́ ìròyìn mọ́ nìyẹn.”

“Ìgbà wo ni wọ́n sọ ire níbẹ̀ rí?”

Ó fi orúkọ Adégbóyèga ṣe ègbè, ó sì fa orin náà gùn títí kásẹ́ẹ̀tì fi kún.

Ní Kankon, ó tẹ kásẹ́ẹ̀tì, ó dijú, ó ń yanu lásán. Orin ń pariwo pé kò sẹ́ni tó lè yọ Adégbóyèga nípò. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Rédíò ti kéde lánàá pé wọ́n ti yọ ọ́. Méjọ̀ tó gbapò rẹ̀ ló jókòó síwájú. Michael ìbá ti wojú ẹni tó wà lórí àga kó tó kì í.

Zinsu lajú, ó sáré nawọ́ láti pa orin náà.

Méjọ̀ ní, “Má pa á. Máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ títí orin rẹ yóò fi tán.”

Zinsu fúnra rẹ̀ ló sì fà á gùn.