Nọ́ńbà Márùn-ún Tí Mo Pa Rẹ́

Ní oṣù Kẹta ọdún 1978, lẹ́tà ọ̀jọ̀gbọ́n mi àtijọ́ ti ìlú Òyìnbó bá mi ní Adó-Èkìtì, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Ó ní kí n fi ìwé tí mo kọ àwọn nọ́ńbà tí mo wọ̀n ní yàrá ìwádìí sí ránṣẹ́. Bí ohun tí òun rántí bá wà nínú rẹ̀, mo lè padà wá parí oyè ọ̀mọ̀wé tí mo fi sílẹ̀ nígbà tí ìyá mi kú.

Orí hílíọ́mù, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́ sínú bàlúùnù, ni mo ti ṣiṣẹ́. Bí a bá mú un tutù kọjá àlà, á di olómi tí nǹkan kan kì í fà sẹ́yìn. Bí a bá wá fi ooru rú u, ìyípo tín-ín-rín á kún inú rẹ̀, wọn á lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tí ọmọdé dà rú. Èmi á pa iná tó ń mú ooru wá, màá sì máa wọ̀n bí agbára ìyípo náà ṣe ń rọlẹ̀.

Ó yẹ kó kàn máa rọlẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀marùn-ún ló rọlẹ̀ tó tún gbérí díẹ̀ kó tó kú. Mo fi rọ́bà pa nọ́ńbà márààrún tó fi gbígbérí náà hàn rẹ́. Bàbá mi, Olùkọ́ Adébíyìí, ti fi pàṣán kọ́ gbogbo wa ní Ìgèdè, ìlú wa, pé nọ́ńbà tí kò bá tò sórí ìlà, àṣìṣe ni. Rọ́bà la fi ń gba máàkì. Èmi òmùgọ̀ wá gbé àṣà náà dé ọ̀dọ̀ Òyìnbó! Ní báyìí, lẹ́tà náà ní àwọn ẹlòmíràn ti rí gbígbérí náà, ọ̀jọ̀gbọ́n mi sì rántí pé mo mẹ́nu bà á rí.

Mo wọkọ̀ ní ibùdókọ̀ Fájuyì lọ sí Ìgèdè, torí ọ̀dọ̀ Bàbá ni ìwé náà wà. Inú ń bí mi dé ibẹ̀. Bàbá gbé e jáde, ó ń ṣí i han Ìbítóyè aládùúgbò rẹ̀.

"Wo uṣẹ́ ọmọ mi! Kò sí ibi tó fagi lé."

Mo gbé ìwé náà sójú fèrèsé. Ibi tí mo ti fi rọ́bà pa á ti fẹ́lẹ́, n kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀.

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?" Bàbá bi mí.

"Ohun tí mo pa rẹ́ ni wọ́n ń wá, Bàbá. Òun ni ì bá gbé mi padà."

Ó jókòó. "Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe mí, ìbínú mi sì tán. Ẹ̀dùn ọkàn nìkan ló kù.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá," ni mo wí. "Ẹ kò sí níbẹ̀ nígbà tí mo ń wọ̀n ọ́n. Èmi ni mo fi ojú ara mi rí i, tí n kò gbà á gbọ́."