Áńkáṣíìfù Orí Okùn

Ọdún méjì gbáko ni mo fi bá òpó èéfín kan jà, òpó náà ò sì mọ̀ pé à ń jà.

Alágbàfọ̀ ni mí. Láti ìgbà tí mo ti kọ́ṣẹ́ tán, aṣọ funfun ló ń bọ́ mi: aṣọ nọ́ọ̀sì, aṣọ tíṣà, aṣọ àwọn tí wọ́n fẹ́ràn funfun tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Ní ìparí àdúgbò wa ni ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Òpó èéfín rẹ̀ ga ju gbogbo ilé lọ. Bí mo bá sá ṣẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n, eruku dúdú á ti bà lé e léjìká, n óò tún un fọ̀, n óò máa ṣépè.

Ti aṣọ ò dùn mí tó ti ìyàwó mi. Àyà ló ń há a. Bó bá gbé omi wọlé báyìí, orí àga ló máa jókòó sí, á máa fi ẹnu wá afẹ́fẹ́. Dókítà ní kó kúrò níbi tí èéfín wà. Ọmọ wa àgbà ló wá mú un lọ sí ìlú tirẹ̀, ìrìn ọjọ́ kan sí wa. Ó ní kí èmi náà máa bọ̀. Mo ní ta ni n óò fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún? Mo ní bí èéfín bá ti lọ, ìyá rẹ̀ á padà wálé. Oṣù mẹ́ta ni mo rò pé ó máa gbà.

Ẹnìkan kì í jẹ́ àwádé. Bí mo bá wọlé nírọ̀lẹ́, mi ò rí ẹni kí, mi ò rí ẹni bínú sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá aṣọ àwọn oníbàárà sọ̀rọ̀. Mo máa ń sọ fún kọ́là tíṣà kan pé ọrùn olówó rẹ̀ ti ń sanra jù. Kọ́là ò fèsì, àmọ́ ó sàn ju ògiri lọ.

Nígbà tí ìyàwó mi ń lọ, ó gbàgbé áńkáṣíìfù funfun kan sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo fọ̀ ọ́, mo fi ṣe ẹlẹ́rìí. Láràárọ̀ ni mò ń sá a sí ìpẹ̀kun okùn lẹ́yìnkùlé. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, n óò ká a wò, n óò sì pe ìyàwó mi lórí fóònù.

"Bàbá wọn, ẹ kú iṣẹ́. Báwo ni tòní ṣe rí?"

"Dúdú ni."

"Kò burú. Ẹ ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

Irọ́ ni lọ́pọ̀ ìgbà. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn fún ọdún méjì.

Kí èéfín àwọn olóríburúkú yẹn má baà bá mi wọlé, mo ti gbogbo fèrèsé pa, mo fi àkísà há gbogbo ibi tó là. Pálọ̀ tí mo fi ṣe ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń lọ aṣọ, pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù eléèédú tí ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ tí mo kọ́ṣẹ́ tán. Iná mànàmáná ò ṣeé gbọ́kàn lé ládùúgbò wa, áyọ́ọ̀nù oníná sì fúyẹ́ bí ìlérí olóṣèlú.

Lọ́jọ́ Ajé kan, òpó náà ò tú èéfín. Wọ́n ní àwọn tó ni ín ti kó lọ síbòmíràn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án tẹ̀lé ara wọn tí áńkáṣíìfù náà funfun láàárọ̀, tó tún funfun nírọ̀lẹ́. Mo tẹ nọ́ńbà ìyàwó mi.

"Funfun ni," mo wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Mo ní funfun ni, Ìyá wọn. Máa bọ̀ nílé."

Ó dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jẹun bí ènìyàn. Á jókòó tì mí ní pálọ̀ bí mo ṣe ń lọ aṣọ, a ó máa sọ̀rọ̀ àwọn tó ti kú àti àwọn tó yẹ kí wọ́n ti kú. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rù ń bà mí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, ó di apá àga mú, ẹnu rẹ̀ là, afẹ́fẹ́ ò wọlé. Ilé ìwòsàn la wà títí ọmọ wa fi wá mú un padà. Kò bá mi jà. Ó kàn ń wo áńkáṣíìfù orí okùn bí ọkọ̀ wọn ṣe ń lọ.

Mo wá ẹni tí n óò bú, mi ò rí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ oníbàárà mi wá gba aṣọ rẹ̀. Ó gbé e sí imú.

"Bàbá, ọwọ́ yín dáa, aṣọ yìí mọ́. Àmọ́ òórùn èéfín wà lára ẹ̀."

"Èéfín wo? Ṣebí wọ́n ti kógbá wọlé."

Ó wo fèrèsé tí mo há, ó wo áyọ́ọ̀nù tí eérú ń fò lẹ́nu rẹ̀. "Áńkáṣíìfù tí ẹ máa ń sá síta yẹn, ẹ ti sá a sínú ilé rí?"

Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Alágbàfọ̀ wo ló ń sá aṣọ sínú ilé? Ẹgba ni ọ̀gá mi fi ń kọ́ wa pé aṣọ tí oòrùn ò rí, rírùn ló máa rùn. Odidi ọdún méjì, kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tó lọ, mo fi áńkáṣíìfù náà kọ́ ìṣó lókè ibùsùn, lápá ibi tí ìyàwó mi máa ń kọrí sí. Mo lọ aṣọ mi bí ìṣe mi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti di aláwọ̀ eérú. Mo fi ìka nù ún, ìka mi dúdú. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo sunkún. Kò sí ẹni tó máa rí mi, nítorí náà mi ò bo ojú.

Mo pè é. "Ìyá wọn, èéfín tó ń ṣe ọ́, inú ilé ló wà. Áyọ́ọ̀nù mi ni."

"Mo ti fura tipẹ́."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Iṣẹ́ tí ẹ fi tọ́ àwọn ọmọ ni. Ẹnu wo ni n bá fi sọ ọ́?"

"O fura, o sì tún wá?"

"Ilé mi ni, Bàbá wọn."

Mo da gbogbo èédú nù. Mo yọ àkísà, mo ṣí fèrèsé, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fọ ògiri. Mo ra áyọ́ọ̀nù oníná. Bí iná bá lọ, mo máa ń káwọ́ gbera dè é. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni áńkáṣíìfù wà lórí ìṣó, funfun ló wà. Mo tún pè é.

"Funfun ni, nínú ilé. Máa bọ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi bí i báwo?"

"Ikọ́ yín."

Mo ní èmi kì í wúkọ́. Ó ní láti ọdún méjì ni òun ti ń gbọ́ ọ lórí fóònù, lójoojúmọ́, láàárín "dúdú ni" àti "mo ti jẹun". Mi ò mọ̀. Ta ni n bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀? Bí ẹni tó ń dá gbé bá wúkọ́, kò sí ẹni tó máa kí i ní pẹ̀lẹ́.

"Ẹ lọ rí dókítà," ó wí. "Ọjọ́ tí mo bá bá yín sọ̀rọ̀ tán tí mi ò gbọ́ ikọ́ yẹn, ọjọ́ náà ni n óò di ẹrù mi."

Mo ní ó dáa. Ikọ́ ń yún mi lọ́fun. Mo na ọwọ́ tí mo fi di fóònù mú jìnnà sí ara mi, mo já áńkáṣíìfù lórí ìṣó, mo fi di ẹnu mi pinpin. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń bèèrè bóyá mo ṣì wà níbẹ̀.