Síta Ni, Sínú Ni

"O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yẹn! Ìwọ télọ̀ tí ń fi abẹ́rẹ́ jẹun, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn?"

Ariwo káfíńtà gba gbogbo ilé kan. Àbúrò rẹ̀ kò mira. Ó dúró gbagidi sẹ́nu balùwẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì dí ọ̀nà. Lọ́la ni bàbá wọn yóò ti ilé ìwòsàn dé. Omi ti jẹ ìdí ilẹ̀kùn àtijọ́, èyí tí káfíńtà fúnra rẹ̀ kàn lọ́dún púpọ̀ sẹ́yìn. Tuntun rèé nílẹ̀, kò ráàyè wọlé. Ẹ̀gbọ́n ní sínú ni yóò máa ṣí, àbúrò ní síta ni.

"Bùọ̀dá, ẹ má bínú. Síta ni. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ jẹ́ ká ta aṣọ ìkélé dípò ilẹ̀kùn."

"Aṣọ! Ẹ gbọ́ o! Télọ̀ ti ríṣẹ́!" Káfíńtà rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. "Tó bá ṣí síta, iwájú orí ẹni tó ń kọjá ni yóò máa gbá. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń kan ilẹ̀kùn. Mo kan ti dókítà, mo kan ti lọ́yà, kò sẹ́ni tó bá mi fà á."

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. Àbúrò yìí kì í bá a jiyàn. Bí òun bá ní kó jókòó, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni yóò jókòó sí. Kí ló wá dé tó fi ń dí òun lọ́nà nítorí pákó lásán? Àbí ìyàwó rẹ̀ ló ń tì í? Àbí ó fẹ́ fi hàn pé òun náà ti dàgbà? Káfíńtà rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, kò rí ojútùú. Ẹni tó mọṣẹ́ jù, ìbéèrè a máa wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

Ìyàwó káfíńtà yọ láti ilé ìdáná, ọṣẹ ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, láti àárọ̀ lẹ ti ń ka ìdí tiyín. Ṣé ẹ ti bi í ní tirẹ̀?"

"Ìdí wo ni télọ̀ fẹ́ ní?"

"Èmi ò mọ̀. Ẹ̀yin náà ò mọ̀. Ohun tí mo ń wí gan-an nìyẹn."

Káfíńtà wo òòlù ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé òòlù yóò gbà á sílẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀. Ohùn rẹ̀ náà wálẹ̀.

"Ó dáa. Kí ló dé tó fi gbọdọ̀ jẹ́ síta? Mo fẹ́ mọ̀ ni. Mi ò ní já lu ọ̀rọ̀ rẹ."

Àbúrò sọ ọwọ́ méjèèjì kalẹ̀, ó nàka sí ilẹ̀ balùwẹ̀.

"Lọ́jọ́ tí màmá wa ṣubú níbí, èmi nìkan ni mo wà nílé. Mo ti ilẹ̀kùn, kò lọ. Mo fi èjìká gbá a, gbá a. Mo rò pé igi ló wú. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣubú sí, Bùọ̀dá. Àwọn ni mò ń fi ilẹ̀kùn yín gbá, wọ́n sì ń pe orúkọ mi."