Àwọn Ilẹ̀kùn Aláràbarà

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ni ilé alájà mẹ́ta tí Jikke ń gbé ní Leeuwarden ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ kun gbogbo ilẹ̀kùn lọ́tun, pé kí àwọn ayálégbé fẹnu kò sí àwọ̀ kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀dà lásán lè dìjà. Lolke ni alága àwọn ayálégbé, ọkùnrin kan tó ga bí òpó iná, tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó sì gbé iṣẹ́ náà lé Jikke lọ́wọ́. Ṣebí iṣẹ́ ọnà ni Jikke ń ṣe. Òun ló ń ya àwòrán tí wọ́n ń tẹ̀ sára kọ́tìnnì àti aṣọ tábìlì fún iléeṣẹ́ aláṣọ kan ní Amsterdam.

Ohun tí Lolke kò mọ̀ ni pé láti ìgbà òtútù ni ọwọ́ Jikke ti gbẹ. Yóò jókòó ti bébà, yóò gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù rẹ̀ ṣóńṣó, yóò po kọfí, yóò tún pẹ́ńsù náà gbẹ́. Ohun tó bá sì fà sórí bébà, ó ti fà á rí. Ó wá di ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí mú bí ẹni tó rí ẹ̀ka igi lójú omi. Ó ṣí ìwé ọ̀ṣọ́ ilé tó ti Milan wá, ó wo fíìmù tí wọ́n ní àwọ̀ inú rẹ̀ ń pani bí ọtí, ó wọkọ̀ ojú irin lọ wo àwòrán nínú musíọ̀mù. Níkẹyìn, ó mú pátákó pẹlẹbẹ kan tó kùn dé ìpàdé.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Wobbe, tó fi iṣẹ́ ṣíṣí afárá fún ọkọ̀ ojú omi jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì, gbójú sókè wo pátákó náà.

"Eérú nìyí," ó ní.

"Rárá o, Bàbá Wobbe. Ìkùukùu òwúrọ̀ ni wọ́n ń pè é."

"Ọmọ mi, mo ti ń jókòó nínú ìkùukùu òwúrọ̀ látìgbà tí ìyá rẹ kò tíì mọ bàbá rẹ. Mi ò fẹ́ kó tẹ̀ lé mi wálé."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Geesje, ìyá àgbà tí ilẹ̀kùn tiẹ̀ àti ti Wobbe kọjú síra, na ọwọ́ sókè. "Èmi àti Wobbe kì í sọ ohun kan náà, àmọ́ tòní yìí, òótọ́ ló wí. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, sánmà dà bí ìdí ìkòkò, ẹ tún ní kí á fi àwọ̀ rẹ̀ kun ilẹ̀kùn. Pupa ni kí ẹ kùn ún."

"Pupa kẹ̀? Ṣé iléeṣẹ́ panápaná la wà ni?" Wobbe ní. "Àwọ̀ ewé ló dáa, bíi ti afárá."

"Ẹ ti fi afárá sílẹ̀ o, afárá ni kò fi yín sílẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di iṣu ata yán-an-yàn-an nìyẹn. Lolke bẹ̀bẹ̀ títí, ó ní kí oníkálukú lọ rò ó sí i. Jikke há pátákó rẹ̀ sí abíyá, ó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ bí ẹni tó jẹ̀bi ní kóòtù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Geesje kan ilẹ̀kùn rẹ̀. "Jikke, ṣé o ti jí? Gíga rẹ ni mo wá yá."

Ìgò kan ló wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù tí ọwọ́ ìyá náà kò tó. Jikke gun àga nínú ilé ìdáná Geesje, ó gbé ìgò náà, ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ló bá dúró gbagidi. Oòrùn tí wọn kò rí láti bí ọjọ́ mélòó kan ti yọ, ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó sì bọ́ sórí pátákó ìgẹ́fọ̀ọ́ funfun kan. Geesje ti gé bíìtì sórí rẹ̀ fún sáláàdì. Omi pupa tó jáde lára gbòǹgbò náà ti ṣàn káàkiri pátákó bí odò kékeré, etí rẹ̀ sì ń lọ sí àwọ̀ àlùkò díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú gbogbo ìwé Milan.

"Sọ̀ kalẹ̀, kí o má lọ fọ́ ìgò mọ́ mi lórí."

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Geesje, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ń bọ̀."

Ó sáré lọ mú kámẹ́rà rẹ̀ wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń nàró. Geesje káwọ́ mọ́ àyà, ó ń wò ó. "Bíìtì lò ń yà? Èmi nìyí pẹ̀lú bùláòsì tuntun lọ́rùn, bíìtì lo rí."

Ẹ̀rín pa Jikke títí ó fi jókòó. Ó fi fọ́tò náà han ìyá náà lójú kámẹ́rà.

"Àwọ̀ tí mo ń wí lánàá gan-an nìyí," ni Geesje wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Pupa panápaná kọ́ ni mo sọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣí Jikke lójú. Àṣé oníkálukú ló ní àwọ̀ tirẹ̀ nílé, tí kò sì mọ bí yóò ṣe pè é. Ló bá ń lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun wo ilé ìdáná wọn. Ó ya kẹ́tùlù aláwọ̀ aró kan tí ẹnu rẹ̀ ti bó, ó ya ọbẹ̀ ẹ̀wà aláwọ̀ ewé tí Lolke gbé kaná, èyí tó ki débi pé ṣíbí dúró nínú rẹ̀.

Wobbe kọ́kọ́ kọ̀. "Kò sí nǹkan kan nílé mi tó ṣeé wò. Kọfí ló wà, wọlé wá mu ún."

Ó bu kọfí fún un, ó ṣí agolo bisikíìtì, ó fún un ní ẹyọ kan, ó sì dé agolo padà. Nígbà tí Wobbe gbẹ́sẹ̀ lé àpótí ni Jikke rí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti lu, wọ́n sì ti fi òwú rán an, òwú yẹ́lò lórí àlùkò, àwọ̀ ewé gba àárín àwọ̀ ọsàn kọjá, ilà lórí ilà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yín."

"Kí ni mo ṣe?"

"Ta ló rán an?"

Ojú ti Wobbe díẹ̀. Ó ní ìyàwó òun, Hiske, ló ń bá òun rán an tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tó kú, òun kó apẹ̀rẹ̀ òwú rẹ̀, òun sì kọ́ ara òun. Èyí tí ọwọ́ òun bá bà nínú apẹ̀rẹ̀ ni òun ń lò. "Yà á tó o bá fẹ́. Àmọ́ má sọ pé tèmi ni."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọ́n pé jọ sí yàrá ìpàdé. Jikke fa kọ́tìnnì, ó sì ń gbé fọ́tò sára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan bíi sinimá, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ariwo sọ. Wọ́n ń bá ara wọn jiyàn ta ló ni èyí, ta ló ni ìyẹn. Ẹni tó ni kẹ́tùlù kò tilẹ̀ dá kẹ́tùlù ara rẹ̀ mọ̀.

Nígbà tó kan ìbọ̀sẹ̀, gbogbo wọn na ọrùn síwájú.

"Níbo ni wọ́n ti ń ta èyí?" ẹnìkan bi í.

Geesje sún àga rẹ̀ síwájú. "Ẹni tó ṣe èyí, ojú rẹ̀ ríran. Ẹ wo bó ṣe gbé yẹ́lò ti àlùkò. Obìnrin ni, kò sí àní-àní."

Wobbe wúkọ́. Etí rẹ̀ ti pọ́n bí ata. "Èmi ni," ó ní.

Geesje yíjú sí i. "Ẹ bọ́ bàtà yín ká rí i."

Wobbe bọ́ ọ. Ìbọ̀sẹ̀ mìíràn ló wọ̀ lọ́jọ́ náà, èyí tilẹ̀ dára ju ti fọ́tò lọ. Gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́ fún un, bàbá náà kò sì mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí.

"Kí ló wá dé tí a fi gbọ́dọ̀ kun àwọ̀ kan náà?" Geesje béèrè.

Lolke lọ bá ilé-iṣẹ́ tó ni ilé sọ̀rọ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí oníkálukú yan àwọ̀ tirẹ̀, ẹ̀rín ló sì rín padà dé: wọ́n ní àwọn yóò pèsè ọ̀dà, bí àwọn ayálégbé bá lè kùn ún fúnra wọn. Geesje gbé bíìtì dé ilé ìtajà ọ̀dà, ó gbé e kalẹ̀ lórí káńtà, ó ní kí wọ́n po irú rẹ̀ gẹ́lẹ́ fún òun.

Ní ọjọ́ Sátidé, gbogbo ilé jáde tòun ti búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà, wọ́n tan rédíò, wọ́n gé búrẹ́dì oníṣúgà, wọ́n fi àlùbọ́sà jẹ ẹja. Wobbe ń fa ilà aláwọ̀ oríṣiríṣi sára ilẹ̀kùn tirẹ̀, Geesje ń bá a di okùn mú kí ilà má baà wọ́.

"Ó ti wọ́," Geesje ní.

"Ojú yín ló wọ́."

"Ẹ ṣáà fi ọsàn sí i. Àwọ̀ ewé ti pọ̀ jù níbẹ̀."

Wobbe ń ráhùn lábẹ́lẹ̀, àmọ́ ọsàn náà ló fi sí i.

Lọ́jọ́ Ajé, Jikke jókòó ti tábìlì rẹ̀, kò rántí oúnjẹ ọ̀sán. Ó ya odò pupa tó ń lọ sí àlùkò, ó ya òwú tó ń gba ara wọn kọjá. Nígbà tó fi í ránṣẹ́ sí Amsterdam, ọ̀gá rẹ̀ pè é lórí fóònù lójú ẹsẹ̀.

"Jikke, níbo lo ti rí nǹkan wọ̀nyí?"

"Nínú ilé ìdáná àwọn aládùúgbò mi ni, mà."

"Ṣé ó ṣì kù?"

"Ó kù rẹpẹtẹ," Jikke ní. "Mi ò tíì wo ilé ìwẹ̀ wọn."