Àjà Tó Ń Jò àti Ìlérí Ọ̀gá Táì

Bàbá Télọ̀ ń fi ìdí ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sẹ́yìn kó lè rí àyè gbé báàkẹ́tì sábẹ́ àjà tó ń jò. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, àjà ò dá. Ni Ọ̀gá Táì bá já wọlé, ó fi fáìlì bo ìdí.

"Bàbá, ẹ gbà mí! Ṣòkòtò mi ya bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, onílé sì ń retí mi nísàlẹ̀."

Ọ̀gá Táì ló ń bá onílé bójú tó ilé tí ṣọ́ọ̀bù Bàbá wà. Táì kì í wọ́n lọ́rùn rẹ̀. Iṣẹ́ ló wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí Bàbá bá fi àjà hàn án, á gbójú sókè, á mi orí bíi dókítà, á ní, "A máa look into it."

Bàbá bi ọmọ rẹ̀ obìnrin, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, pé kí ni ìyẹn. Ọmọ ní wọ́n á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní, kí wọ́n lè wá nǹkan ṣe sí i. Bàbá gbà á gbọ́. Nínú iṣẹ́ tirẹ̀, ẹni tó bá ní òun gbọ́ ti mú abẹ́rẹ́ nìyẹn. Ó bá tẹ́ aṣọ ìgbéyàwó ọmọ náà, funfun báláú, sórí tábìlì lábẹ́ àjà kan náà.

Òjò ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kán sápá aṣọ. Ìgbéyàwó dọ̀la, ọmọ náà, ìyàwó ọ̀la, sì wà ní kọ̀rọ̀, ó ń fọ apá aṣọ náà, ọṣẹ lọ́wọ́, omijé lójú.

Bàbá gba ṣòkòtò, ó fún Ọ̀gá Táì ní àjákù aṣọ kó ró. Ó wo ibi tó ya, ó mi orí.

"A máa look into it."

Ọ̀gá Táì rẹ́rìn-ín. Bàbá ò rẹ́rìn-ín.

"Ìgbà wo, Bàbá?"

"Gẹ̀ẹ́sì yín ni. Ẹ̀yin lẹ mọ bó ṣe ń pẹ́ tó."

"Bàbá mi, ẹ ṣàánú ẹ̀," ni ìyàwó sọ, ẹ̀rín ń bá omijé jà lójú rẹ̀.

Fóònù dún. Onílé ni. Ọ̀gá Táì wo fóònù, ó wo itan ara rẹ̀. Ó pa ìpè náà, ó pe kanlékanlé, ẹni tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti wà ní òdìkejì títì látọjọ́ yìí.

"Gbé àkàbà, gbé páànù! Rárá, kì í ṣe ọ̀la!"

Ìgbà tí òòlù kọ́kọ́ dún lórí òrùlé ni Bàbá ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Òjò tún rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Aṣọ ìyàwó so mọ́ ògiri. Lábẹ́ àjà, báàkẹ́tì nìkan ló kù, ó gbẹ táútáú.