Ẹ̀gbẹ́ Kejì Ọkọ̀ Curlew

"Ta ló kun ún?"

Olúbùsọ́lá Fẹ̀hìntọlá kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n àwọn méjì tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ létí odò Roding nílùú Òyìnbó gbọ́ ọ dáadáa. Níbi tí bèbè odò ti yí po ní Creekmouth ni wọ́n wà, níbi tí ènìyàn ti lè rí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó kọjú sí omi. Pupa ló yẹ kí ẹ̀gbẹ́ náà jẹ́ láti iwájú dé ìdí, kí orúkọ ọkọ̀, CURLEW, sì wà láàárín rẹ̀ ní funfun gàdàgbà. Iwájú pupa. Ìdí pupa. Àárín ti di funfun báláú, bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ di ojú ọgbẹ́. Orúkọ kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Àwa ni," Bàbá Alàgbà Akínbọ̀dé dáhùn tayọ̀tayọ̀. Ó wọ sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán ló sì fi dúró lórí kọnkéré. "Ọ̀dà tó ṣẹ́kù nígbà tí a kun ilé Olúwa ni. Ibi tó lè dé nìyẹn. Ṣé o rí i bó ṣe mọ́?"

"Mo ti sọ fún wọn," ni Tiwaladé wí, nọ́ọ̀sì tó fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ sin Bàbá wá. "Ó dà bí ìyàwó tí pàńkéèkì tán mọ́ lọ́wọ́."

Bùsọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ní Sátidé tí àwọn ará ìjọ wá ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ náà, ó wà ní Marks Gate níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n kéde nínú ìsìn pé iṣẹ́ ọkọ̀ ti parí. Ìjọ pàtẹ́wọ́, òun náà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó dúpẹ́ ohun tí kò rí. Òní Mọ́ńdè ni ayẹ̀wò. Àjọ tó ń ṣètọ́jú àwọn ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ ń rán ẹnì kan bọ̀ lọ́sàn-án yìí. Bí onítọ̀hún bá rí i pé ọkọ̀ náà ṣì wà bí wọ́n ṣe kàn án, yóò dúró sí Creekmouth, wọn yóò sì máa tún un ṣe. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni èbúté yóò fà á lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gé irin. Ìyẹn ti ń wojú aago tipẹ́.

"Bàbá, mo kó agolo ọ̀dà pupa sílẹ̀ fún yín."

"A rí wọn. A kò ṣí wọn." Ojú àgbàlagbà náà le díẹ̀. "Ọmọ mi, ìwọ lo pè wá ká wá gbàdúrà lórí ọkọ̀ yìí. A tan àbẹ́là. A wọ́n omi ìyàsímímọ́ káàkiri. Ohun tí a bá ti yà sọ́tọ̀ fún Olúwa, ṣé pupa la tún máa fi bò ó? Ṣé o ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni?"

Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọ ìjọ aláṣọ funfun, kò ra aṣọ pupa rí. Gèlè pupa tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, ó fi tọrẹ. Síbẹ̀, inú ọkọ̀ pupa ló ti ń jẹun òòjọ́ rẹ̀, òun ló ń ṣí i, òun ló ń tì í, òun ló ń mú àwọn ọmọ iléèwé yí i ká. Kò wá sí i lọ́kàn lọ́jọ́ kan pé àwọn méjèèjì lè pàdé ara wọn lójú ọ̀nà.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ gbọ́ mi." Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan. "Ọkọ̀ atànmọ́lẹ̀ ni. Kò ní ẹ́ńjìnnì. Wọn ò kàn án kó lè gbé ẹnikẹ́ni rìn. Ṣe ni wọ́n fà á lọ sí ibi tí òkìtì yanrìn fara pamọ́ sábẹ́ òkun, wọ́n sọ ìdákọ̀ró rẹ̀ síbẹ̀, àwọn ọkùnrin sì ń gbé inú rẹ̀ lóṣooṣù, kí àwọn ọkọ̀ mìíràn má bàa forí sọ yanrìn. Lóru, iná orí òpó rẹ̀ ló ń kìlọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, pupa yẹn ló kù. Ta ló lè rí funfun láàárín ìfófòó omi? Nígbà tí ìjì ńlá jà, gbogbo ọkọ̀ sá wọ èbúté. Òun nìkan ló dúró. Bí òun bá sá, ta ni yóò kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀?"

Bàbá Alàgbà mi orí. "Ìtàn gidi ni. Ṣùgbọ́n Creekmouth la wà báyìí, kì í ṣe orí òkun. Ta ló fẹ́ wá forí sọ ọ́ níbí?"

"Ẹ jẹ́ ká gbàgbé àríyànjiyàn," ni Tiwaladé dá sí i. "Ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí èbúté pupa dáadáa. Ibẹ̀ ni wọ́n máa gbà wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbà jáde. Kí ló fẹ́ gbé wọn dé ìsàlẹ̀ ibí, nínú ẹrẹ̀? Sìsítà, abeg, ẹ panu mọ́."

Fèrè mọ́tò dún lẹ́nu géètì.

Obìnrin ni olùyẹ̀wò náà. Ó wé ìbòrí, ó dé akoto iṣẹ́ lé e, bọ́ọ̀tù rẹ̀ sì ti gbó. Bí ó ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wọn, ó tẹ orúnkún. "Ẹ káàsán, sà. Ẹ káàsán, mà. Mubarakah Ládélé."

"Áà! Ọmọ wa ni!" Bàbá Alàgbà na ọwọ́ méjèèjì. "Ọlọ́run ti ṣe é. Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Dagenham ni wọ́n bí mi sí, sà. Ẹ̀gbá ni bàbá mi." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fa òòlù kékeré yọ. "But lónìí, sà, iṣẹ́ ló rán mi o."

Bàbá Alàgbà ká ọwọ́ rẹ̀ padà.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀. Mubarakah ń fi òòlù kan irin, ó ń tẹ́tí. Ó wo ibùsùn tóóró tí àwọn atukọ̀ ń sùn, ó fọwọ́ kan ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró, ó gun òkè lọ wo fìtílà ńlá, ó nu dígí rẹ̀ pẹ̀lú ìka. "Ẹni tó ń tọ́jú ibí mọ ohun tó ń ṣe," ó wí. Láti ojú fèrèsé, Bùsọ́lá rí i pé omi odò ti ń fà. Bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, pẹpẹ tó léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, èyí tí àwọn akunlé máa ń dúró lé, yóò jókòó sórí ẹrẹ̀.

Wọ́n padà sórí èbúté. Mubarakah wo ẹ̀gbẹ́ pupa náà látòkè délẹ̀, ó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀.

"Màmá, ṣé bákan náà ni ẹ̀gbẹ́ kejì rí?"

Tiwaladé wo ilẹ̀. Bàbá Alàgbà ń wo Bùsọ́lá. Bàbá yìí ló sọ ọ́ lórúkọ nínú ìjọ, òun ló dúró tì í nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Bí Bùsọ́lá bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè pàdánù ọkọ̀, ó sì lè pàdánù bàbá. Ó ronú kan àwọn ọkùnrin tó dúró nínú ìjì. Bí àwọn yẹn bá ti pa iná wọn lẹ́ẹ̀kan nítorí ojú ẹnì kan, ta ni ìbá tún máa gba ìmọ́lẹ̀ wọn gbọ́?

"Rárá o," ó wí. "Kò rí bákan náà. Ẹ bọ̀, ẹ wá wò ó."

Ó ṣíwájú, wọ́n sì tẹ̀ lé e dé ibi tí bèbè ti yí po. Mubarakah dúró, ó wo ibi funfun náà. Ẹyẹ odò kan bà sórí pẹpẹ, ó tún fò lọ.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ọwọ́ mi ni iṣẹ́ yẹn wà, mà," Bùsọ́lá dáhùn. "Ó yẹ kí n wá wò ó."

"Irọ́ ni." Bàbá Alàgbà ti bọ́ síwájú. "Èmi ni mo kun ún. Ìfẹ́ ni mo fi kun ún."

Mubarakah ṣí akoto rẹ̀ kúrò lórí, ó mí kanlẹ̀. "Sà, mi ò lè sọ pé mi ò rí i. Ọkọ̀ tí kò ní orúkọ, tí kò ní àwọ̀ rẹ̀, mi ò lè fọwọ́ sí i." Ó wo odò tó ń fà. "Ṣùgbọ́n mi ò tíì jẹun láti òwúrọ̀. Mò ń lọ sí Barking. Màá padà gba ibí kí n tó kọ ìròyìn mi. Ọ̀dà tútù ò kàn mí. Ibí yìí gan-an ni màá dúró sí. Kí n ṣáà lè ka orúkọ rẹ̀."

Kí mọ́tò rẹ̀ tó yọ lẹ́nu géètì, Bùsọ́lá ti wà lórí pẹpẹ, ó ń fi irin ṣí agolo. Pupa náà tàn yanran. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́.

"Dúró!"

Ó gbójú sókè. Bàbá Alàgbà ti bọ́ sùtánà, ó ká a ní ìká mẹ́rin, ó gbé e lé Tiwaladé lápá bí ẹni gbé ọmọ fún ìyá. Sínglẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò ló kù lára rẹ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ sórí pẹpẹ, ó di àtẹ̀gùn mú.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ lo fẹ́ bò mọ́lẹ̀, kó o tún wá máa fi funfun kọ orúkọ lórí ọ̀dà tútù? Yóò dàpọ̀ mọ́ra. Funfun ti wà níbẹ̀. Fún mi ní téèpù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo yẹn. Mo máa fi bo ibi tí lẹ́tà yóò wà. Ẹ kun pupa yí i ká, ká wá ṣí i."

"Bàbá," ni Tiwaladé ké láti òkè, "níbo lẹ ti kọ́ pupa kíkun?"

"Ilé iṣẹ́ mọ́tò ní Dagenham. Gbogbo mọ́tò pupa tí ẹ̀ ń rí nígbà yẹn, ta lẹ rò pé ó ń kun wọ́n? Òjíṣẹ́ Ọlọ́run?"

Wọ́n kun ún. Ìdí ọkọ̀ ti kan ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n odò ń fà, pẹpẹ ń sọ̀ kalẹ̀, apá wọn ń na sókè sí i. Nígbà tí ìsàlẹ̀ pẹpẹ kan ẹrẹ̀, Bàbá Alàgbà ṣí téèpù tó kẹ́yìn. Wọ́n ti sún mọ́ ọn jù. Bùsọ́lá kò mọ̀ bóyá lẹ́tà ni àbí àbààwọ́n.

"Mò ń lọ wò ó," ni bàbá náà wí.

Ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ibi tí bèbè ti yí po, ọwọ́ rẹ̀ pupa dé ìgunpá, ó nà án jìnnà sí ara rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Mọ́tò kan dúró lẹ́nu géètì. Mubarakah sọ̀ kalẹ̀, ó lọ dúró tì í. Àwọn méjèèjì kọjú sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà.

"Bàbá!" Bùsọ́lá pariwo. "Ṣé ẹ rí i?"

Bàbá Alàgbà ké padà.

"Mo rí i! Láti ibí yìí, mo rí i!"

Mubarakah gbé ọwọ́ sókè. "Èmi náà rí i, Màmá," ó wí. "Ẹ gòkè kúrò níbẹ̀ kí ẹrẹ̀ tó gbé yín mì."