Iyán Tí Eugène Jẹ

Ẹ sún mọ́bí, ẹ gbé etí yín wá sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó yáa gbé e mì, kí ariwo eyín má bo orin mi mọ́lẹ̀.

Oyin ni bàbá mi sọ mí. Lọ́dún tó kọjá, Dominique, nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn wa, gún mi níka, ó ní ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Mo ní, "Ọmọ mi, Oyin ni mí. Kí lo fẹ́ bá níbẹ̀, iyọ̀?" Kò rẹ́rìn-ín. Oògùn ló fún mi.

Bérénice ọmọ-ọmọ mi wá sọ ọ́ dòfin: lọ́dún yìí, n ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iyán tuntun lọ́jọ́ ọdún iṣu. Èmi! Èmi tí mo ti ń lé orin iyán nílé wa ní Datcha látìgbà tí irun mi ti dúdú! Nílé wa, ẹni tí kò bá jẹ kì í lé orin. Fágbénró, àbúrò ọkọ mi, ti ń fọ́nnu kiri: "Ìyàwó wa, fọkàn balẹ̀. N ó bá ọ jẹ tìrẹ."

"Ọkọ mi, kí ikùn yín bẹ́!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bérénice gbé fóònù wá. Ó ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, èèyàn lè bọ́ aláìsàn kan níbẹ̀, kó sì rí bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò. Àmọ́ kó tó ṣí, ó kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀.

"Ìyá, ó ní kí nìdí tí ẹ fi fẹ́ lò ó. Ṣé dókítà ni yín? Ṣé akẹ́kọ̀ọ́? Ṣé ẹ ní àìsàn náà? Àbí ẹ kàn fẹ́ wò ó?"

"Kò kọ 'mo fẹ́ jẹ iyán' síbẹ̀?"

"Kò kọ ọ́."

"Àwọn tó ṣe é kò tíì dé Datcha. Tẹ dókítà."

Ó wò mí látorí délẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. "Dókítà Oyin, ẹ káàbọ̀."

Aláìsàn inú fóònù yẹn kò lójú, kò lẹ́nu. Ìlà pupa kan ṣoṣo ni gbogbo ara rẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Eugène. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ebi á ti máa pa á.

"Ṣúgà mélòó ni ká fún un, Ìyá?"

"Òdo! Iṣu ni kó o fún un, iṣu ńlá mẹ́ta." Iṣu kì í kúkú ṣe ṣúgà. Inú ilẹ̀ la ti ń wa iṣu, inú páálí ni ṣúgà ń gbé.

Ni ìlà pupa bá gbéra. Ó ń gòkè bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ti Anié bọ̀ tó fẹ́ gun òkè Atakpamé, kò dúró títí ó fi forí sọ òkè fóònù.

"Yéè! Mo ti pa ọmọ ọlọ́mọ!"

"Kò sẹ́ni tó kú, Ìyá. Ẹ tún un ṣe."

A tún un ṣe. Iṣu kékeré, ẹ̀fọ́ gbòmà rẹpẹtẹ, ẹja. Ìlà náà gòkè díẹ̀, ó sì rọra sọ̀ kalẹ̀ bí àgbàlagbà tó di ọ̀pá rẹ̀ mú. Mo fò sókè. "Ó jẹ iyán, kò kú!"

"Ìyá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀kọ́ lásán ni. Ara Eugène kì í ṣe ara yín. Dominique ni kí ẹ bi."

Ibẹ̀ la wà tí Fágbénró fi wọlé, ó ní òun gbọ́ igbe, òun gbọ́ orúkọ Eugène látìta, òun wá kí i. "Ẹ fún un ní ọtí sódàbì díẹ̀ ká wò ó." Ó bu omi wa mu, ó tún bù, ó bù lẹ́ẹ̀kẹta. Ó sáré lọ tọ̀ sẹ́yìn ilé, ó dé, ó tún mú ife. Mo ń wò ó. Bí tèmi ṣe bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

"Ọkọ mi, kí nìdí tí ẹ fi fẹ́ lò ó?"

"Mo kàn fẹ́ wò ó ni."

"Irọ́ ni. Ẹ wọ bàtà yín."

Nílé ìwòsàn, Dominique gún òun náà níka. Nígbà tó sọ iye tó rí, ojú Fágbénró kéré bí ojú eku. Mo pàtẹ́wọ́: "Ọkọ mi, wọ́n bá Oyin nínú yín!"

N kò wá bi Dominique bóyá kí n jẹ iyán. Iye tí n ó jẹ ni mo bi í. Mo ro ẹjọ́ Eugène fún un látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìwọ̀n ìkúùkù yín, Ìyá. Kí gbòmà pọ̀, kí ẹja wà níbẹ̀. Ẹ lo oògùn yín, kí ẹ sì rìn."

Fágbénró ti di ìkúùkù tirẹ̀, ó tó orí ewúrẹ́. "Èmi náà?"

"Ìkúùkù Ìyá lẹ̀yin méjèèjì máa lò."

Nígbà tí a délé, mo ní kí Bérénice ṣí fóònù. Ó tún béèrè ìdí.

"Ṣé dókítà náà ni, Ìyá?"

"Rárá. Tẹ̀ ẹ́ pé mo ní àìsàn náà. Tẹ̀ ẹ́ fún ọkọ mi náà." Fágbénró fa fìlà bojú, ṣùgbọ́n kò sọ pé kó má tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ ọdún iṣu pé. Ẹja odò Nangbéto wà nínú ọbẹ̀, gbòmà bò ó mọ́lẹ̀. Mo jẹ ìkúùkù kan, mo lá ìka márààrún, mo dìde, mo lé orin:

*Wọ́n ní kí Oyin sá fún adùn o,*
*Ìkúùkù kan!*
*Ìlà Eugène ń gòkè lọ,*
*Ẹ fà á sọ̀, ìkúùkù kan!*

A jó dé ìdí máńgòrò, a jó padà, Fágbénró ń kùn lẹ́yìn mi pé ọwọ́ mi ti kéré jù. Nígbà tí olúkúlùkù ń lọ sílé, kò sẹ́ni tí ikùn rẹ̀ ń ráhùn, títí kan Fágbénró. Eugène nìkan ni kò tíì jẹun. Mo ní kí Bérénice fún un ní ìkúùkù kan kó tó pa fóònù.